Bí a ṣe ń fi fíníà aláràbarà bo ojú gìtá oníná tí a fọwọ́ ara wa kàn

Fíníà ni igi tí wọ́n bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri kì í sábà nípọn ju 0.6 mm lọ. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra lè fi sáńpépà lu ú já kó tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi í sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ pé abẹ́ fíníà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Pákó tí ojú rẹ̀ kò bá tẹ́jú kí fíníà tó gùn ún, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn náà, torí igi tí ẹ máa fá kúrò lórí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Láàárín 1958 sí 1960 ni ilé-iṣẹ́ Gibson ṣe àwọn gìtá Les Paul tí wọ́n kun ojú maple (igi òkè òkun kan tó mọ́lára) wọn ní pupa àti yẹ́lò, tí ọnà igi náà sì hàn kedere lábẹ́ àwọ̀. Látìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ gìtá ti ń wá irú ọnà bẹ́ẹ̀ kiri. Maple oníọnà tó nípọn gbówó lórí púpọ̀. Fíníà fún wa ní ọnà kan náà ní owó tí kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ gìtá Epiphone tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà sì rèé, fíníà ló wà lójú wọn. Ní ti ohùn, igi 0.6 mm kò ní yí ohunkóhun padà lára gìtá oníná. Ẹwà la ń wá.

Gìtá tí a ní lọ́kàn níbí ni èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, irú ti Telecaster: ara rẹ̀ fẹ̀ tó 33 cm, ó gùn tó 41 cm, ó sì nípọn tó 45 mm. Ẹ má fi èyí tí ojú rẹ̀ yọ gọngọ láàárín bẹ̀rẹ̀. Fíníà lè tẹ̀ sí ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò rọ́ létí tàbí kó ya. Ibi ìgbápálé ara Stratocaster ṣeé ṣe, torí ọ̀nà kan ló tẹ̀ sí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró di gìtá kejì.

Yíyan igi

Maple tí ọnà rẹ̀ dábùú bí ọwọ́ iná ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ihò ara rẹ̀ kéré, gọ́ọ̀mù kì í tètè yọ sójú rẹ̀, kì í sì í rọ́ púpọ̀. Maple tí ọnà rẹ̀ rí róbótó-róbótó ṣòro díẹ̀ sí i. Fíníà tí wọ́n gé lára kókó igi ló ṣòro jù: ó máa ń lọ́, ó máa ń ní ihò, ó sì máa ń ya bí bísíkíìtì tí ẹ bá fipá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó gbẹ.

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà á rí sapele kíákíá ju maple lọ. Igi tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sàpẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delta yìí máa ń ní ọ̀já-ọ̀já tó ń dán, nítorí pé ìlà igi rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bó ṣe ń dàgbà. Ìlà tó ń yí yìí kan náà ló ń jẹ́ kó ya níbi tí ẹ ò fẹ́ tí ẹ bá ń gé e, nítorí náà abẹ tuntun ni kí ẹ lò fún un.

Fún ara gìtá, ọ̀gànwó dára, afara náà dára. Afara ni àwọn akángìtá òkè òkun ń pè ní limba tàbí korina, òun ni Gibson sì fi ṣe Flying V àti Explorer ní 1958. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí pákó gbẹ. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó wà. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ gbé ara gìtá sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Títí tí yóò fi dẹ́kun fífúyẹ́, kò tíì gbẹ. Pákó tútù tí a lẹ fíníà mọ́ ní ìgbà òjò á súnkì nígbà ọyẹ́, á sì já ojú ìsopọ̀ fíníà sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá tí wọ́n kàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n wá gbé lọ sí ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù.

Ewé fíníà méjì tó tẹ̀ léra lára igi kan náà ni kí ẹ rà, kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 20 cm, kó sì gùn tó 48 cm. Ẹ ra ẹ̀kẹta tí ẹ máa fi dán gọ́ọ̀mù àti àwọ̀ wò. Bí wọ́n bá ti kó wọn fún yín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí wọn kí wọ́n tó dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Fíníà tí wọ́n ti lẹ bébà mọ́ lẹ́yìn rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n tí sáńpépà bá já a, bébà lẹ máa rí, kò sì sí àwọ̀ tó máa bò ó.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Rúlà irin tó gùn tó 60 cm, tí kò tẹ̀ rárá
- Abẹ tàbí ọ̀bẹ tó ṣeé pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tuntun bíi mẹ́wàá
- Sáńpépà 80, 120, 150, 180, 220, 320 àti 400, pẹ̀lú igi gbọọrọ tí ẹ máa fi wé
- Tépù bébà àwọn akunlé, àti tépù bébà olómi tí wọ́n ṣe fún fíníà
- Gọ́ọ̀mù igi, rólà kékeré oní-fóòmù tó fẹ̀ tó 10 cm
- Pátákó ìtẹ̀ méjì, MDF (pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀) tàbí páláńkì onípele tó nípọn tó 18 mm, kí wọ́n fi 3 cm tóbi ju ara gìtá lọ yíká
- Kílámpù méjìlá ó kéré tán, àti igi ìdábùú mẹ́fà (mẹ́ta fún òkè, mẹ́ta fún ìsàlẹ̀)
- Náílọ́ọ̀nù, ìwé tí kò ní ìtẹ̀wé lára, sírínjì oníhò ńlá kan

Títẹ́ fíníà tó ti lọ́

Fíníà maple tó tẹ́ nílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò èyí. Èyí tó bá ń gbéra sókè kò ṣeé gún mọ́lẹ̀ báyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ rọ̀ ọ́ ná. Ẹ da omi ìwọ̀n mẹ́rin, glycerine ìwọ̀n kan (wọ́n ń tà á ní ilé oògùn) àti spírítì ìwọ̀n kan pọ̀ sínú ìgò afọ́nmi. Ẹ fọ́n ọn sójú méjèèjì títí tí fíníà á fi rọ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa jò. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n: ìwé, fíníà, ìwé, fíníà, ìwé, kí gbogbo rẹ̀ wà láàárín pátákó méjì, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ pààrọ̀ ìwé lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí tí ìwé á fi máa jáde láìtutù. Ìwé ìròyìn kò dára fún èyí. Tádà rẹ̀ á ràn mọ́ maple.

Ẹ má fi kún glycerine pé kó tètè rọ̀. Tó bá pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù kò ní mú, àwọ̀ á sì ṣe àbàwọ́n. Fíníà tó ti tẹ́, kí ó wà lábẹ́ ẹrù títí di ọjọ́ tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́, torí tí ẹ bá gbé e síta, láàárín wákàtí díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́.

Síso ewé méjì pọ̀

Ẹ kó ewé méjèèjì léra bí wọ́n ṣe wà lára igi, kí ẹ wá ṣí èyí tó wà lókè bí ẹni ṣí ìwé. Ọnà méjèèjì á kọjú síra. Ẹ máa sún ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé síwá sẹ́yìn kí ẹ tó pinnu: 5 mm péré lè sọ ọnà tí kò nítumọ̀ di ọnà tó pàdé dáadáa. Dígí kékeré kan tí ẹ bá gbé dúró lórí ewé kan á fi bí ìdajì kejì ṣe máa rí hàn yín kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ẹ di ewé méjèèjì mọ́ra láàárín pákó MDF méjì tí etí wọn tọ́, kí fíníà yọ síta ní 2 mm. Sáńpépà 120 tí ẹ lẹ mọ́ igi gbọọrọ tó tọ́ ni kí ẹ fi máa fá etí yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí tó fi máa dọ́gba pẹ̀lú MDF. Èyí sàn ju kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e lọ, torí ọ̀bẹ máa ń tẹ̀ lé ìlà igi, á sì yà kúrò lójú rúlà. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ nìkan lẹ ní, ẹ fà á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ gé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kó etí méjèèjì pọ̀ kí ẹ gbé wọn sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá níbikíbi. Tó bá gbà, ẹ padà sórí MDF. Gọ́ọ̀mù kò lè dí àlàfo yẹn, àwọ̀ á sì tún wá fi í hàn bí ìlà dúdú.

Ní ẹ̀yìn (ojú tó máa kan gọ́ọ̀mù), ẹ lẹ tépù bébà dábùú ojú ìsopọ̀ ní gbogbo 5 cm. Ẹ lẹ ìdajì kan, ẹ fa tépù kó le, kí ẹ tó lẹ ìdajì kejì. Ẹ wá dojú rẹ̀ dé, ẹ fi tépù olómi sórí ojú ìsopọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tépù yìí máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, á sì fa etí méjèèjì mọ́ra. Tó bá ti gbẹ, ẹ ṣí gbogbo tépù ẹ̀yìn kúrò. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sẹ́yìn á di òkè tóóró lábẹ́ fíníà, sáńpépà á sì kọ́kọ́ já ibẹ̀.

Ìdajì kan á máa dúdú díẹ̀ ju ìkejì lọ, tí ẹ bá sì yí i sójú ìmọ́lẹ̀ mìíràn, èyí tó dúdú á mọ́lẹ̀. Ẹ má dààmú. Ewé tí ẹ ṣí ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, ìlà igi rẹ̀ dojú kọ apá ibòmíràn, ìdí nìyẹn. Gbogbo ojú gìtá tí a so pọ̀ báyìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Pípalẹ̀ ara gìtá mọ́

Ó sàn kí ẹ lẹ fíníà kí ẹ tó gbẹ́ kòtò píkọ̀ọ̀pù (ohun tó ń gba ìró okùn gìtá) àti ti ọrùn. Níbi tí kòtò bá wà, kò sí ohun tó máa ti fíníà láti ìsàlẹ̀, etí kòtò kò sì ní lẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ, ẹ gé igi tó máa wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, kí orí rẹ̀ bá ojú gìtá dọ́gba, kí ẹ sì fi tépù bo orí igi náà kó má bàa lẹ̀ mọ́ fíníà.

Ẹ fi sáńpépà 80 tí ẹ wé mọ́ igi gbọọrọ fá ojú gìtá, lẹ́yìn náà 120. Ẹ gbé rúlà irin lé e ní òró, ní ìbú, àti ní igun sí igun, kí iná fóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ rúlà ni kòtò wà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo ojú rẹ̀, ẹ fá a, kí ẹ wo ibi tí pẹ́ńsùlù ṣẹ́kù sí. Ẹ fi àdàlú gọ́ọ̀mù ẹ́pọ́sì (gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a máa ń pò pọ̀) àti lẹ́búlẹ́bú igi dí gbogbo ihò, títí kan ihò ìṣó kékeré. Fíníà á fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́yìn oṣù díẹ̀, pàápàá lábẹ́ fáníìṣì tó ń dán.

Má fi sáńpépà tó dán ju 150 lọ parí rẹ̀. Ẹ nu ekuru rẹ̀ kúrò pátápátá, torí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ fíníà á di kókó. Ẹ bo imú àti ẹnu bí ẹ bá ń fá sapele. Ekuru rẹ̀ máa ń ta imú àti ọ̀fun.

Ìlà igi fíníà àti ìlà igi ara gìtá gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀nà kan náà, láti ọrùn sí bíríìjì (ibi tí okùn gìtá ti jókòó lórí ara rẹ̀). Pákó ńlá máa ń wú, ó sì máa ń súnkì ní ìbú. Fíníà tó bá dábùú rẹ̀ kò ní bá a lọ, á sì ya.

Gọ́ọ̀mù

Gọ́ọ̀mù igi aláwọ̀ yẹ́lò ni a máa ń lò fún maple. Ó máa ń le tó bá gbẹ, ó ń fọ̀ kúrò pẹ̀lú omi kó tó gbẹ, ó sì fún yín ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe awọ. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà ṣeé lò, àmọ́ ó rọ̀ díẹ̀, ojú ìsopọ̀ sì lè sún lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Gọ́ọ̀mù oníyẹ̀fun tí wọ́n fi urea-formaldehyde ṣe le ju méjèèjì lọ, ó sì ń fún èèyàn láyè, àmọ́ òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nìkan ni kí ẹ ti lò ó.

Ẹ́pọ́sì tó ń pẹ́ gbẹ kò ní omi nínú, nítorí náà kì í jẹ́ kí fíníà wú. Ó dára fún fíníà kókó igi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gba ihò igi jáde sójú, ibi tó bá sì ti jáde kò ní gba àwọ̀ mọ́ láéláé.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò rárá ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi lẹ bàtà àti fọ́míkà, èyí tí a máa ń fi sójú méjèèjì kí ó tó pàdé. Ó dà bíi pé ó rọrùn, torí kò fẹ́ kílámpù. Àmọ́ ó máa ń rọ̀ nígbà gbogbo, ojú ìsopọ̀ á ṣí, tínà inú fáníìṣì á sì wọlé lọ rọ̀ ọ́ títí fíníà á fi wú sókè.

Títẹ̀

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹlòmíràn á gbé àpò sìmẹ́ńtì lé fíníà, á sì rò pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú gìtá yìí fẹ̀ tó 0.13 m². Àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ ìta sì ń fi 85 kPa tẹ̀, ń fi agbára tó tó 1,100 kg tẹ ojú yẹn. Àpò sìmẹ́ńtì 50 kg kan kò tó ìdá kan nínú ogún ìyẹn. Méjìlélógún lẹ máa tò kí ó tó dọ́gba. Kílámpù méjìlá tó lágbára lè ṣe é láìsí wàhálà, tí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa pín agbára wọn.

Kílámpù ń tẹ etí dáadáa, àárín ló ń ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹ fá igi ìdábùú mẹ́ta òkè kí àárín wọn yọ sísàlẹ̀ ju etí lọ ní 2 mm. Tí ẹ bá fi kílámpù di orí méjèèjì igi náà, àárín ni á kọ́kọ́ kan pátákó ìtẹ̀, á sì ti gọ́ọ̀mù àti afẹ́fẹ́ síta sí etí.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìsí gọ́ọ̀mù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo kílámpù ti wà ní ìwọ̀n tí ẹ máa lò, kí náílọ́ọ̀nù ti wà lórí pátákó, kí ìwé ìròyìn bíi mẹ́wàá wà láàárín náílọ́ọ̀nù àti pátákó òkè láti máa gba àìdọ́gba kékeré.

Fíníà máa ń yọ̀ lórí gọ́ọ̀mù tútù, ojú ìsopọ̀ á sì kúrò ní àárín gìtá. Ẹ ya ìlà àárín sí ojú gìtá kó dé etí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ gbé fíníà lé e, kí ẹ fi dírílì 2 mm lu ihò méjì gba inú rẹ̀ wọ pákó: ọ̀kan níbi tí kòtò ọrùn máa wà, ọ̀kan níbi tí kòtò píkọ̀ọ̀pù máa wà. Igi ìtayín tí ẹ gún sínú ihò yẹn, tí ẹ sì ṣẹ́ orí rẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú fíníà, kò ní jẹ́ kó sún. Tó bá yá, ẹ máa gbẹ́ ihò méjèèjì dànù.

Gọ́ọ̀mù tó tó 25 sí 30 g, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì, ni ojú yìí nílò. Ẹ dà á sára gìtá, ẹ fi rólà tẹ́ ẹ títí tí kò fi ní sí ibi tí ẹ ti ń rí igi, àmọ́ tí kò sì dúró lójú kan bí omi. Ara gìtá nìkan ni kí ẹ kun, ẹ má kun fíníà. Fíníà tó bá mu omi gọ́ọ̀mù lójú kan á ká jọ lójú ẹsẹ̀, ẹ kò sì ní rí i tẹ́ mọ́.

Ẹ gbé fíníà lé e, tépù lókè. Ẹ fi ọwọ́ pa á láti àárín lọ sí etí. Náílọ́ọ̀nù, ìwé ìròyìn, pátákó, igi ìdábùú. Ẹ kọ́kọ́ di kílámpù àárín, lẹ́yìn náà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó wá pín èyí tó kù sí etí yíká. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún gbogbo wọn fún lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gọ́ọ̀mù ti sá síta, wọ́n sì ti dẹ̀. Gọ́ọ̀mù kéékèèké tó ń yọ létí yíká ni àmì pé ó dára. Ibi tí kò bá ti yọ rárá, kò dé ibẹ̀, tàbí kílámpù kò tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fìríìjì àlòkù lè fi ṣe àpò tí afẹ́fẹ́ ń fà, àmọ́ ó lọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ agbálẹ̀ fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde, kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wá parí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù á ti ṣe awọ kí àpò tó fún.

Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, wákàtí 24 ló dára jù. Tí ẹ bá tú u, ẹ gbé gìtá nàró kí afẹ́fẹ́ dé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì sinmi fún ọjọ́ kan kí ẹ tó fá a. Omi gọ́ọ̀mù ṣì wà nínú fíníà. Tí ẹ bá fá a nígbà tó wú, á súnkì lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á sì kọ kòtò sí ibi ojú ìsopọ̀.

Gígé etí àti wíwá ibi tí kò lẹ̀

Ẹ dojú gìtá dé sórí pátákó mímọ́, kí ẹ fi abẹ gé fíníà tó yọ síta yí ara gìtá ká, kí ó ku 1 mm. Èyí tó kù, sáńpépà 150 lórí igi ni kí ẹ fi fá a, kí ọwọ́ yín sì máa lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn gìtá nìkan. Ẹ má fá a wá sókè láé. Ẹ̀rọ ráùtà (èyí tó ń fi ẹnu tó ń yí gbẹ́ igi) lè ṣe é kíákíá, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ gìtá àti ní orí ìwo, níbi tí ìlà igi ti kọjú síta, ó máa ń fa gbogbo ọwọ́ fíníà ya.

Ẹ fi èékánná kan ojú gìtá káàkiri. Ibi tó lẹ̀ ń dún gan-gan, ibi tí kò lẹ̀ ń dún gọ̀gọ̀, bí ẹni pé nǹkan ṣófo. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Tó bá kéré, ẹ fi ìbòrí aṣọ sórí rẹ̀ kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná díẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wá fi igi tútù tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa tutù. Gọ́ọ̀mù yẹ́lò á rọ̀, á sì tún mú. Tí gọ́ọ̀mù kò bá dé ibẹ̀ rárá, ẹ fi abẹ gé e ní ọ̀nà ìlà igi, tó 1 cm péré, ẹ fi sírínjì ta gọ́ọ̀mù tí ẹ fi omi là díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ nu èyí tó jáde, kí ẹ sì fi náílọ́ọ̀nù àti kílámpù dì í mọ́jú. Tí ẹ bá gé e ní ìbú, kò ní bò mọ́.

Fífá ojú rẹ̀

Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu tépù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ rọra fi ẹnu sísẹ́lì tí kò mú ká a kúrò. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró lórí rẹ̀.

Sáńpépà 180 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, pẹ̀lú igi tí ẹ wé sáńpépà mọ́. Ẹ̀rọ afásáńpépà á já fíníà kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fẹ́ẹ́rẹ́ ya gbogbo ojú rẹ̀. Bí ó bá ti ń parẹ́, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà 220, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 320. Ẹ má ṣe jẹ́ kí igi sáńpépà kọjá etí kó tẹ̀, torí etí ni fíníà ti ń tinrin kíákíá jù.

Kí ẹ wá fi tínà nu ojú rẹ̀. Níbi tí gọ́ọ̀mù ti yọ sójú, ẹ máa rí àmì tó mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù. Ẹ fá ibẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó kun àwọ̀.

Àwọ̀ àti etí

Àwọ̀ tí a po mọ́ spírítì sàn ju èyí tí a po mọ́ omi, nítorí omi lè wọ inú lọ rọ gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọnà maple jáde gidigidi, ẹ kọ́kọ́ fi dúdú tí ẹ là púpọ̀ nu ún. Ọ̀já tí ìlà igi rẹ̀ kọjú sókè á mu ún ju èyí tó dùbúlẹ̀ lọ. Ẹ fi 320 fá a padà díẹ̀, kí dúdú kù sínú ọ̀já nìkan, kí ẹ tó kun àwọ̀ gidi. Lórí maple nípọn, wọ́n máa ń fi 220 fá a padà dáadáa. Lórí fíníà, ẹ má dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ewé kẹta, tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ̀ mọ́ àjákù pákó.

Ní etí, ẹ kò lè fi ráùtà yí i róbótó bíi ti gìtá tí kò ní fíníà, torí igi abẹ́ á yọ síta. Ẹ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí etí dúró gan-an, kí ẹ kàn fi 320 pa ẹnu rẹ̀, tàbí kí ẹ kun etí ní dúdú tó ń rẹ̀ bọ̀ wá sí àárín, èyí tó ń bo gbogbo àléébù, tàbí kí ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà 1.5 mm ní ìbú àti 6 mm ní jíjìn yíká, kí ẹ lẹ rọ́bà etí mọ́ ọn. Èyí ìkẹyìn ló ń dáàbò bo fíníà jù, torí kò sí etí fíníà tó hàn tí bẹ́líìtì tàbí àgbékọ́ lè gbé sókè.

Gbígbẹ́ kòtò àti fáníìṣì

Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò, ẹ lẹ tépù bébà bo ibẹ̀, ẹ fi abẹ gé ìlà rẹ̀ já fíníà, kí ẹ tó fi ráùtà gbẹ́ ẹ ní 3 mm-3 mm. Láìsí ìlà abẹ yẹn, etí kòtò á ya jáde. Ihò bọ́tìnnì náà, láti iwájú ni kí ẹ ti lu ú, pẹ̀lú dírílì tó ní ẹnu ṣóńṣó láàárín.

Ẹ kọ́kọ́ fọ́n sàńdìn-sílà (fáníìṣì ìpìlẹ̀ tó rọrùn láti fá) ní ìpele tínrín mẹ́ta, kí ẹ fi 400 fá a. Ẹ wá fọ́n fáníìṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, tínrín, pẹ̀lú wákàtí kan láàárín wọn, ìpele mẹ́ta péré lójúmọ́. Ìpele tó nípọn ń di tínà mọ́ inú, tínà yẹn ló sì ń gbé fíníà sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó le, kí ẹ tó fi sáńpépà olómi 800, 1000, 1500 àti 2000 fá a, kí ẹ sì fi oògùn ìdán parí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti gbẹ́ kòtò ọrùn kí fíníà tó gorí gìtá, ojú gìtá ti ga sókè ní 0.6 mm, bíríìjì náà sì ti bá a gòkè, ṣùgbọ́n ọrùn dúró síbi tó wà. Ẹ sọ sádù bíríìjì (irin kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí rẹ̀) kalẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Tí sádù kò bá lè lọ sílẹ̀ mọ́, ẹ gé àjákù fíníà kan náà kó kún gbogbo ilẹ̀ kòtò ọrùn, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì so ọrùn padà lé e.